Gbèsè Òkè Lángbòdó: Ohun Tí Ó Ń Mú Kí Ìtàn Àtẹ̀lé Tẹ́ Òǹkàwé Lọ́rùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí a rán níṣẹ́ ni òwe yìí ń bá wí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tún wà tí òwe náà kò dárúkọ: ẹni tí ó jókòó sílé, tí ó ń wo ọ̀nà, tí ó ń retí àbọ̀ iṣẹ́. Nínú ìtàn àròsọ, òǹkàwé ni ẹni náà. Bí òǹkọ̀wé bá ti rán akọni jáde nítorí ire ìlú, òǹkàwé ti di ọmọ ìlú náà nìyẹn, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé: kí ni ẹ mú bọ̀?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí á fi wo ìtàn àtẹ̀lé, ìyẹn ìwé tí òǹkọ̀wé kọ láti fi gbè é lẹ́sẹ̀ ìwé tí ó ti kọ ṣáájú. Oríṣi kan pàtó ni mo ní lọ́kàn. Òun ni èyí tí àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ máa ń pè ní ìtàn mérìíyìírí, tí ó kún fún iwin, egbére àti ẹranko tí ń fọhùn bí ènìyàn, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ọba, ìlú àti ìṣèjọba wà ní ìdí rẹ̀. Kò sí ibi tí a ti lè kọ́ ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀ ju inú iṣẹ́ Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà lọ. Òun ni ó kọ́kọ́ fún wa ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá, òun náà ni ó sì kọ́kọ́ fún wa ní àtẹ̀lé rẹ̀.

Kí á tó wọ inú ìwé, ẹ jẹ́ kí á rántí pé nǹkan tuntun ni ìtàn àtẹ̀lé jẹ́ láàárín wa. Àlọ́ kò ní àtẹ̀lé. Ìjàpá lè kú lónìí nítorí ọ̀kánjúà, kí ó sì tún múra lọ kí àna rẹ̀ lọ́la, ọmọdé kan kò ní bi ìyá àgbà léèrè bí òkú ṣe jí. Bí àlọ́ bá ti parí, tí a ti sọ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀, gbèsè kò sí nílẹ̀ mọ́. Ìwé ìtàn àròsọ ni ó mú gbèsè wọlé. Òǹkàwé ra ìwé, ó gbé e sílé, ó tún un kà, ó há orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn sórí. Bí òǹkọ̀wé bá tún dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, òǹkàwé ti ní ìwé kìíní lọ́wọ́ bí ẹlẹ́rìí.

Ní ọdún 1936, ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àmúnisìn ṣe ìdíje ìwé kíkọ. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tí a bí ní 1903, ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà ní St. Andrew's ní ìlú Ọ̀yọ́, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ó kọ ìtàn kan ránṣẹ́ sí ìdíje náà. Ní ọdún 1938, ilé ìtàwé ìjọ C.M.S. ní Èkó gbé ìtàn náà jáde pẹ̀lú orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rántí iwin inú ìwé náà ju bí a ṣe tò ó lọ. Ẹ jẹ́ kí á wo bí a ṣe tò ó. Ìrìn-àjò mẹ́ta ni Àkàrà-oògùn rìn. Méjì àkọ́kọ́, nítorí ara rẹ̀ ni. Ọdẹ ni, ó fẹ́ ẹran, ó fẹ́ ọlá, ó sì fẹ́ mọ ohun tí ń bẹ nínú igbó tí bàbá rẹ̀ ti wọ̀ rí. Agbákò àti àwọn tó kù pọ́n ọn lójú, ó sì padà wálé. Lẹ́yìn èyí ni ọba ránṣẹ́ pè é. Iṣẹ́ tí ọba rán an ni pé kí ó kó àwọn ọdẹ jọ, kí wọ́n lọ sí Òkè Lángbòdó, kí wọ́n sì gba ohun tí yóò mú àlàáfíà àti ìtẹ̀síwájú bá ìlú lọ́wọ́ ọba ibẹ̀. Láti ibi yìí lọ, ìwé náà yí padà. Ẹni tí ń dọdẹ fún ikùn ara rẹ̀ di ẹni tí ń dọdẹ fún ìlú. Ìyípadà yìí ni mo fi ń sọ pé ìtàn ìṣèlú ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan nínú rẹ̀.

Ẹ tún wo àwọn tí ó bá a lọ. Kàkó ní kùmọ̀ àti agbára. Ìmọ̀dòyé ní ọgbọ́n. Olóhùn-iyọ̀ ní orin. Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko, Èfòìyẹ́ sì mọ ọfà ta. Fágúnwà kò jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo ru ẹrù ìlú. Ohun tí orin lè ṣe, kùmọ̀ kò lè ṣe é, ibi tí ọgbọ́n sì gbé ń yanjú ọ̀ràn, ọfà ò débẹ̀.

Iṣẹ́ ìlú náà ní iye tí ó ń náni, òǹkọ̀wé kò sì fi í pamọ́. Nígbà tí Kàkó fẹ́ gbéra, obìnrin tí ó fẹ́ràn rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kí ó má lọ. Kàkó pa á, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń kọ́ ìwé yìí ní kíláàsì, n kò tí ì rí ọdún kan tí ojú-ìwé yìí kò dá ariwo sílẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin kan a ní akin ni Kàkó. Àwọn ọmọbìnrin a dìde, wọ́n a béèrè pé ìlú wo ni a ń tún ṣe bí a bá ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe náà. Mo ti dẹ́kun àtiparí àríyànjiyàn yìí. Mo ti rí i pé ẹni tí ó kọ ìwé náà kò parí rẹ̀ fún wa.

Wọ́n dé Òkè Lángbòdó. Ohun tí a rí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í ṣe wúrà, kì í sì í ṣe oògùn. Ìrágbèje ni a rí. Ọjọ́ méje ni ó fi gba àwọn ọdẹ lálejò, tí ó ń fún wọn ní ìmọ̀ràn lórí ọmọ títọ́, ìwà híhù àti ìbágbépọ̀ ẹ̀dá. Lẹ́yìn èyí ni àwọn tí ó ṣẹ́kù padà wálé, ìtàn sì parí. Níbi yìí ni ìbéèrè wa ti dé: kí ni wọ́n mú bọ̀? Ìmọ̀ràn ni. Ǹjẹ́ ìlú gbọ́ ìmọ̀ràn náà? Ǹjẹ́ ọba tẹ̀ lé e? Ìwé náà kò sọ fún wa bí ìlú ṣe rí ní ọdún kan tàbí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Gbèsè tí Òkè Lángbòdó dá sí Fágúnwà lọ́rùn nìyí.

Ọdún mọ́kànlá kọjá kí ìwé àtẹ̀lé tó dé. Nǹkan ńlá ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyí. Ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ó sì parí ní 1945. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ jagun nínú igbó Bọ́mà, ọ̀pọ̀ kò sì padà. Ní 1945 kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀wọ́n gógó ọjà. Ní 1947, òfin ìjọba tí a ń fi orúkọ Gómìnà Richards pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Ìwọ̀-Oòrùn sì ní ilé ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn dìde lòdì sí owó orí àti ìjọba Aláké, títí tí Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1949, kí ó tó padà ní 1950. Fágúnwà fúnra rẹ̀ ti rìn ìrìn-àjò lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1946 àti 1948.

Nítorí náà, òǹkàwé tí ó ń retí ìwé kejì kì í ṣe òǹkàwé 1938 mọ́. Ó ti mọ ẹni tí a rán lọ sí igbó òkèèrè tí kò padà. Ó ti rí i pé ọba lè kúrò lórí oyè nítorí ohùn àwọn ìyálọ́jà. Ó ti gbọ́ ìlérí ìjọba, ó sì ti kọ́ láti máa béèrè àbọ̀. Bí Fágúnwà bá kàn tún kó ọdẹ méje mìíràn jọ, tí ó rán wọn lọ sí òkè mìíràn, tí wọ́n tún bá iwin mẹ́wàá jà, irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ ìbá rẹ́rìn-ín, ìbá gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbá mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ọbẹ̀ àná ni a gbé kaná fún òun.

Igbó Olódùmarè jáde ní 1949 láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ Thomas Nelson. Ohun tí Fágúnwà ṣe níbẹ̀ ya ni lẹ́nu. Kò lọ síwájú; ẹ̀yìn ni ó lọ. Àkàrà-oògùn tún padà wá bá akọ̀wé rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn ara rẹ̀ kọ́ ni ó wá sọ, ìtàn bàbá rẹ̀ ni. Olówó-ayé ni bàbá náà ń jẹ́. A ti bá a pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé kìíní, ní ìpàdé kúkúrú tí kò dùn mọ́ni. Níbẹ̀ ni Àkàrà-oògùn ti sọ fún wa pé àjẹ́ paraku ni ìyá òun, àti pé ọwọ́ bàbá òun ni ó kú sí. Ìwọ̀nba ohun tí a mọ̀ nípa ọkùnrin náà kò ju báyìí lọ: ọdẹ ńlá ni, ó sì pa ìyàwó rẹ̀.

Wàyí o, ìwé kejì mú wa padà sí ìgbà tí ọkùnrin náà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tí ayé ń fà lójú. Ó wọ Igbó Olódùmarè, ó bá Àjẹ́diran pàdé, ó sì fi í ṣe aya. Ẹ fetí sí orúkọ yẹn dáadáa. Ẹni tí kò ka Ògbójú Ọdẹ yóò kà nípa obìnrin arẹwà kan tí ọdẹ fẹ́, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò ṣí ojú-ìwé tí ó kàn. Ẹni tí ó ti kà á kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá tí àjẹ́ rẹ̀ mú ìbọn ọkọ wá ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ó ń kà ní òjìji lẹ́yìn. Òǹkọ̀wé kò ní láti kìlọ̀ fún un. Ìwé kìíní ti kìlọ̀.

Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo rí gẹ́gẹ́ bí ìdí tí ìtàn àtẹ̀lé fi ń tẹ́ni lọ́rùn. Ó máa ń yí ohun tí a ti kà tẹ́lẹ̀ padà, láìpa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn Igbó Olódùmarè, bí a bá tún ṣí ojú-ìwé àkọ́kọ́ Ògbójú Ọdẹ, ikú ìyá Àkàrà-oògùn kì í ṣe ìròyìn lásán mọ́. Ó di òpin ìtàn gígùn kan tí a ti bá wọn jókòó sí. Ìwé kejì tí kò lè ṣe èyí, àfikún ni, kì í ṣe àtẹ̀lé.

Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ńkọ́? Ẹlòmíràn lè ní níwọ̀n bí Olówó-ayé ti dá lọ, tí ọba ìlú rẹ̀ kò rán an, ìṣèlú ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ẹnu ibodè Igbó Olódùmarè ni Èṣù-kékeré-òde ti dá a dúró. Kí wọ́n tó gbá ara wọn mú, ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi jà: ta ni ọ́, kí ni o wá ṣe, ta ni ó fún ọ láṣẹ àtiwọlé? Òǹkàwé 1938 lè rí ìjà ọdẹ pẹ̀lú iwin níbẹ̀. Òǹkàwé 1949, tí ó ti gba ìwé àṣẹ ìrìnnà rí, tí ó ti dúró níwájú aṣọ́bodè tàbí níwájú akọ̀wé òyìnbó, mọ̀ pé ìbéèrè ìjọba ni. Ibodè wà, ẹni tí ń ṣọ́ ọ wà, àjèjì sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí ó fi wá.

Bí Olówó-ayé ti wọlé tán, ìlú tí ó ní ọba ni ó bá, kì í ṣe igbó aláìlófin. Àlejò ni níbẹ̀. Ó ní láti mọ bí a ti ń kí ọba tí kì í ṣe tirẹ̀, bí a ti ń bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹni gbé, àti bí a ti ń gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu àgbà tí a kò bá tan. Nínú ihò Baba-onírùngbọ̀n-yẹ́úkẹ́ ni ó ti jókòó gbọ́ ọgbọ́n, gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀ yóò ti ṣe lọ́dọ̀ Ìrágbèje lẹ́yìn ọ̀la. Ní ìwé kìíní, ọba rán ọmọ níṣẹ́ fún ìlú. Ní ìwé kejì, a rí i pé bàbá rẹ̀ ti kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń jẹ́ ọmọ ìlú, ní ìlú onílùú. Ẹni tí ọba pè kò ṣàdédé wù láti inú ilẹ̀ bí olú. Ilé kan ni ó ti jáde wá, ilé náà sì ní ìtàn, ìtàn náà sì ní ẹ̀jẹ̀ nínú.

Síbẹ̀, kí á má fi àbòsí sọ̀rọ̀. Igbó Olódùmarè kò san gbogbo gbèsè náà. Ọmọ kíláàsì mi kan sọ ọ́ ní gbangba ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, "Sà, gbogbo ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìlú náà dára lẹ́yìn tí wọ́n dé. Bàbá rẹ̀ kọ́ ni mo béèrè." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Bí ẹnì kan bá jẹ mí ní owó, tí ó wá ń sọ ìtàn bàbá rẹ̀ fún mi, ìtàn náà lè dùn, kí owó mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

Èsì tí mo rí fún ọmọ náà, lẹ́yìn tí mo ti rò ó fún ìgbà pípẹ́, ni pé òǹkọ̀wé lè jẹ gbèsè tí kò gbọ́dọ̀ san tán. Bí Fágúnwà bá kọ ọ́ ní 1949 pé ìlú tòrò láti ọjọ́ tí àwọn ọdẹ ti dé, pé ìyà kò jẹ ẹnikẹ́ni mọ́, pé ọba kò ṣìnà mọ́, ta ni ìbá gbà á gbọ́? Obìnrin tí ó san owó orí ní Abẹ́òkúta kò ní gbà á. Ọmọ ogun tí ó ti Bọ́mà bọ̀, tí kò ríṣẹ́ ṣe, kò ní gbà á. Ìmọ̀ràn ni a mú bọ̀ láti Òkè Lángbòdó, ìmọ̀ràn kì í sì í ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bí irọ́ bá wọ irú ibẹ̀ yẹn, ìwé kejì ti ba ìwé kìíní jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òǹkàwé máa ń fẹ́ ayọ̀, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí a fi ayọ̀ tan òun jẹ.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1954, Fágúnwà padà sí ìdí gbèsè náà ní ọ̀nà mìíràn. Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ni ìwé náà. Kì í ṣe ìtàn ìdílé Àkàrà-oògùn mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá Ògbójú Ọdẹ ni. Akọni mìíràn, ẹgbẹ́ mìíràn, òkè mìíràn: Òkè Ìrònú ni wọ́n ń lọ báyìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni yóò sọ pé ojú ọ̀nà náà ti di ojú ọ̀nà àtijọ́. A ti mọ bí a ti ń kó ọdẹ jọ. A ti mọ̀ pé òṣìkà kan yóò dènà, a sì mọ̀ pé wọn yóò dé orí òkè. Mo rò pé ìdí nìyí tí ìwé náà kò fi gbilẹ̀ lọ́kàn ọ̀pọ̀ òǹkàwé bí àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń mú ojú ẹni là. Àwọn arìnrìn-àjò náà dé Èdìdàrẹ́, ìlú tí Ọba Òmùgọ̀diméjì ń ṣàkóso. Gbogbo nǹkan ni ó dorí kodò níbẹ̀: ohun tí ó yẹ kí á fi ṣẹ̀sín ni wọ́n ń yìn, ohun tí ó yẹ kí á yìn ni wọ́n sì ń fi ṣẹ̀sín. A ń rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀rín fi há mọ́ wa lọ́fun, nítorí pé a bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojú ẹni tí a mọ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ, iwin inú igbó ni ọ̀tá ìlú. Nínú Èdìdàrẹ́, ìlú fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá ara rẹ̀. Ní 1954 yìí kan náà ni Nàìjíríà di ìjọba àpapọ̀, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. N kò sọ pé Fágúnwà ń bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ní ọdún tí a ń gba ìṣàkóso sọ́wọ́ ara wa díẹ̀díẹ̀, ó kọ nípa ìlú tí ó ní ọba tirẹ̀, tí kò sí òyìnbó kankan níbẹ̀, tí ó sì bàjẹ́ síbẹ̀. Èyí gan-an ni àbọ̀ iṣẹ́ tí a ti ń retí láti Òkè Lángbòdó. Bí ìlú kò bá ní ìrònú, ta ni yóò lo ìmọ̀ràn tí a mú bọ̀?

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn òǹkọ̀wé mìíràn tọ ipasẹ̀ Fágúnwà. J. Ògúnṣínà Ògúndélé kọ Ibú Olókun àti Èjìgbèdè Lọ́nà Ìsálú-Ọ̀run, D. J. Fátànmí sì kọ K'orímálẹ̀ Nínú Igbó Adìmúlà ní ọdún 1967. Ó dára kí á ka àwọn ìwé wọ̀nyí, iṣẹ́ ọpọlọ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n orúkọ Fágúnwà ni ó ṣì wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Mo gbà pé igbó kò nira láti yá lò; iwin náà kò nira. Ohun tí ẹlòmíràn kò lè bá òǹkọ̀wé yá ni gbèsè tí òun àti òǹkàwé rẹ̀ jọ mọ̀.

Ẹ̀rí mìíràn ni bí àwọn ẹlòmíràn ti ń gbìyànjú láti san gbèsè náà bá a. Fágúnwà kú sínú odò ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, ọdún méjì lẹ́yìn tí ìwé rẹ̀ Àdììtú Olódùmarè jáde. Ní 1968, ògbufọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe fún Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sì wà ní àtìmọ́lé ìjọba. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ka ògbufọ̀ náà ní ọdún yẹn kò lè ka iṣẹ́ tí ọba rán àwọn ọdẹ nítorí àlàáfíà ìlú kí ó má ronú kan orílẹ̀-èdè tí ń ya. Ní 1977, nígbà àjọ̀dún FESTAC, eré Lángbòdó tí Wálé Ògúnyẹmí kọ láti inú ìtàn yìí ni Nàìjíríà gbé kalẹ̀ níwájú àwọn àlejò. Ìlú kékeré kan tí kò lórúkọ nínú ìwé 1938 ti di orílẹ̀-èdè odidi lórí ìtàgé. Eré náà jẹ́ ìtàn àtẹ̀lé ní ọ̀nà tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ kan kún ìtàn bàbá tàbí ọmọ, nítorí pé ìbéèrè kan náà ni ó tún bi wá.

Ṣóyínká náà kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọdún 2010, ògbufọ̀ tirẹ̀ fún Igbó Olódùmarè jáde, ọdún méjìlélógójì lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ní èdè Yorùbá, òǹkàwé dúró fún ọdún mọ́kànlá kí ó tó mọ bàbá Àkàrà-oògùn. Ẹni tí ó ń retí ògbufọ̀ kejì láti ọwọ́ Ṣóyínká fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró fún ìlọ́po mẹ́rin ọdún wọ̀nyí. Kò sì sí ẹni tí ó ní ó ti pẹ́ jù.

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé ọ̀dọ́ tí ẹ ti kọ ìwé kìíní, tí àwọn ènìyàn sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ èkejì, mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe òṣùwọ̀n. Kí ẹ tó dá iwin tuntun sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé yín bí ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tí ẹ jẹ òǹkàwé sílẹ̀. Obìnrin tí Kàkó pa wà lára gbèsè náà. Ìlú tí ó rán wọn níṣẹ́ wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yan èyí tí ẹ lè san láìpurọ́. Èyí tí kò ṣeé san, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ ti gbàgbé rẹ̀.

Ní ti ọmọ kíláàsì mi tí ó béèrè bóyá ìlú náà dára, mo padà dá a lóhùn ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Mo ní kí ó lọ ka Èdìdàrẹ́, kí ó sì wá sọ fún mi bóyá ó rí ìdáhùn. Ó kà á, ó padà wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó ní, "Sà, wọn ò tíì dé ilé." Mo rò pé kò sí lámèyítọ́ kan tí ó tíì sọ ọ́ dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.